Omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n májèlé lè fara pamọ́ sínú rẹ̀: Ohun tó yẹ kí ará Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà mọ̀ nípa ásẹ́níìkì

Àwọn baba wa ló sọ pé omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, nítorí kò sẹ́ni tó lè bá omi ṣọ̀tá kó pẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n májèlé kan wà tó máa ń fara pamọ́ sínú omi, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ahọ́n kò sì lè dá mọ̀. Ásẹ́níìkì ni wọ́n ń pè é. Omi tó mọ́ gaara lè ní in nínú, kí èyí tó rú gùdù má sì ní in rárá. Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn wa nílùú Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó, tí ọ̀pọ̀ yín ń mu omi kànga àti ti bọ́hòlù, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n: ojú kọ́ ni a fi ń mọ omi tó dára, àyẹ̀wò ni.

Ásẹ́níìkì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn èròjà tó wà nínú ilẹ̀ àti òkúta láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó sábà máa ń pọ̀ níbi tí wúrà tàbí imí ọjọ́ bá ti dà pọ̀ mọ́ àpáta. Bí omi bá ti pẹ́ láàárín irú òkúta bẹ́ẹ̀, èròjà náà lè máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú rẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Kò dìgbà tí ọ̀tá kan bá da nǹkan sínú kànga. Àmọ́ ọwọ́ èèyàn náà lè fà á. Ní Obuasi, lórílẹ̀-èdè Gánà, èéfín òkúta wúrà tí wọ́n ń sun fún ọ̀pọ̀ ọdún tan májèlé yìí ká ilẹ̀ àti odò. Àwọn igi kan wà pẹ̀lú tí wọ́n ti fi oògùn tó ní ásẹ́níìkì tọ́jú kí ikán má baà jẹ wọ́n. Ẹni tó bá fi irú igi bẹ́ẹ̀ dáná ń fa májèlé símú, eérú rẹ̀ náà kò sì dára.

Ẹni tó bá gbé èyí tó pọ̀ mì lẹ́ẹ̀kan náà yóò máa bì, inú yóò máa run ún, yóò máa yàgbẹ́ gbuuru, ó sì lè kú. Ti inú kànga kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó máa ń tó nǹkan bí ọdún 5 tí èèyàn ti ń mu irú omi bẹ́ẹ̀ kí àmì tó hàn lára. Awọ ara ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: àmì dúdú àti àmì funfun á máa yọ káàkiri bí ìgbà tí òjò bá kán sórí eruku. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ á wá yi, kókó wẹ́wẹ́ á sì máa yọ níbẹ̀. Àgbẹ̀ lè rò pé ọkọ́ àti àdá ló fà á. Ṣùgbọ́n ibi tí èèkù ọkọ́ bá ti ń ha ọwọ́ ni ti ọkọ́ máa ń mọ. Ọkọ́ kì í sì í mú kí kókó yọ sí àtẹ́lẹsẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè máa kú tipiri. Àìsàn ọkàn àti ìtọ̀ ṣúgà lè tẹ̀ lé e. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni jẹjẹrẹ: ti awọ ara, ti ẹ̀dọ̀fóró àti ti àpò ìtọ̀. Májèlé náà máa ń gba ara aboyún dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú rẹ̀, ó sì lè ṣàkóbá fún ọpọlọ ọmọdé. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn pé àìsàn yìí kì í ràn. Lórílẹ̀-èdè Bangladesh, àwọn èèyàn sá fún ẹni tí àmì yìí bá yọ sí lára nítorí wọ́n rò pé ẹ̀tẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ omi tí gbogbo àdúgbò jọ ń mu ló fà á.

Bangladesh yìí ni ẹ̀kọ́ tó tóbi jù wà. Láti àwọn ọdún 1970, ìjọba àti àwọn àjọ àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga oníbọ́ǹbù kí àwọn ará abúlé lè bọ́ lọ́wọ́ omi ẹ̀gbin tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ète rere ni, omi náà sì mọ́ lójú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yẹ ásẹ́níìkì wò nínú rẹ̀. Ọdún 1993 ni àṣírí tú níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ nǹkan bí mílíọ̀nù 5 kànga wò lẹ́yìn ọdún 2000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta tó kọjá ìwọ̀n tí òfin ibẹ̀ fàyè gbà. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kun èyí tó léwu, wọ́n sì fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun èyí tó dára. Kànga tó pupa lè wà níwájú ilé kan kí ti aládùúgbò rẹ̀ sì dára.

Ní ìlú Antofagasta, lórílẹ̀-èdè Chile, omi tó kún fún májèlé yìí ni àwọn ará ìlú mu láti ọdún 1958 títí di ọdún 1970, nígbà tí wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ tó ń yọ ọ́ kúrò. Síbẹ̀, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró àti ti àpò ìtọ̀ ń pa wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí omi náà ti dára. Bí ẹ bá sì rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun ni, ẹ wo Burkina Faso tó wà nítòsí wa. Lágbègbè Ouahigouya, wọ́n rí bọ́hòlù tí omi rẹ̀ ní máíkírógíráàmù 1,630 nínú lítà kan, nígbà tó jẹ́ pé 10 péré ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fàyè gbà. Òfin omi mímu ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà náà kò gbà ju 10 yìí lọ. Láti mọ bó ṣe kéré tó, ẹ ronú nípa táńkà omi 10 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 10,000 lítà: gíráàmù kan ṣoṣo, tí kò ju iyọ̀ tí ìka mẹ́ta lè bù lọ, ti tó láti mú gbogbo rẹ̀ dé ìwọ̀n náà.

Kì í ṣe pé a ń sọ pé májèlé ti wọ kànga Ìkàrẹ́ tàbí ti Ọ̀kà o. Ohun tí à ń sọ ni pé orí àpáta ni ìlú méjèèjì tẹ̀dó sí, àárín òkúta ni omi wọn sì ti ń wá. Ẹ má tìtorí ọ̀rọ̀ yìí padà sídìí odò, nítorí kòkòrò inú omi ẹ̀gbin a máa pa èèyàn kíákíá ju ásẹ́níìkì lọ. Àyẹ̀wò ni kí ẹ ṣe. Kí àwọn ilé tó jọ ń pọn omi níbì kan dáwó jọ, kí wọ́n sì bu omi náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò tó kúnjú òṣùwọ̀n. Àkùngbá tí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà, àárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ló wà, ẹ lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè yín. Ẹ dárúkọ ásẹ́níìkì fún wọn, torí pé àyẹ̀wò kòkòrò lásán kò lè fi í hàn. Bí olóṣèlú bá sì wá ṣí bọ́hòlù tuntun, kí àwọn ọba àti àwọn olórí àdúgbò béèrè ìwé àyẹ̀wò kí àtẹ́wọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí èsì bá fi hàn pé ó wà níbẹ̀, ẹ má tan ara yín pé ẹ óò sè é. Kòkòrò ni iná ń pa. Bí omi bá ń gbẹ lórí iná, ṣe ni májèlé ń le sí i nínú èyí tó kù. Aṣọ ìsẹ́ kò lè sẹ́ ẹ, oògùn apakòkòrò inú omi kò lè pa á, ẹ má sì gbára lé álọ́ọ̀mù. Ẹ lè fi omi náà fọ aṣọ tàbí kí ẹ fi wẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má mu ún, ẹ má sì fi se oúnjẹ. Kànga mìíràn tí àyẹ̀wò ti dá láre, tàbí omi òjò tí ẹ gbè sínú ohun èlò tó mọ́, ló yẹ kí ẹ máa mu. Ẹni tí àmì tí a dárúkọ bá ti yọ sí lára, kó tètè lọ rí dókítà ní ọsibítù ìjọba nílùú Ìkàrẹ́, kó sì sọ ibi tó ti ń pọn omi. Ìwòsàn àkọ́kọ́ ni pé kí èèyàn jáwọ́ nínú omi náà, nítorí ara a máa fi ìtọ̀ lé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jáde bí a kò bá tún bù kún un.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Kànga kan ni ọ̀pọ̀ ilé ń pọn. Ẹni tó bá ti ka èyí, kó sọ fún aládùúgbò rẹ̀.