Bọ́ọ̀dù Ṣẹ́ẹ̀sì Oníná: Kí Làwọn Ọ̀ta Ń Wá Lára Ẹ̀ Gan-an?

Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí Túndé Ọ̀nàkọ̀yà ti jókòó sí Times Square ní New York, tó ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60, ojú táwọn èèyàn wa fi ń wo eré yìí ti yàtọ̀. Ní 2025 ó tún padà lọ, òun àti Shawn Martinez ará Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé e dé wákàtí 64. Ẹni tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Ìkòròdú ló ti kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì o!

Lónìí, ọmọ tó wà ní Ìwó lè rí ẹni bá ta ní London tàbí ní India láàárín ìṣẹ́jú kan. Dátà díẹ̀ ló ń ná an, torí ọ̀fẹ́ ni Lichess. Àmọ́ orí fóònù ni gbogbo ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Ẹni tó bá ti ta ayò ọlọ́pọ́n rí á mọ ohun tí mò ń sọ: kéèyàn fọwọ́ kó ọmọ ayò, kó máa dún, adùn ẹ̀ nìyẹn. Yàtọ̀ sí adùn, ẹni tó bá ń fi fóònù nìkan kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì, tó wá dé ibi ìdíje tó bá bọ́ọ̀dù gidi níwájú, ojú ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ rú.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe bọ́ọ̀dù oníná. Ẹ̀yin á fọwọ́ gbé ọmọ lórí bọ́ọ̀dù gidi, bọ́ọ̀dù á sọ fún fóònù, fóònù á sọ fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ta níbi yòówù kó wà. Tí onítọ̀hún bá ta tiẹ̀, iná kékeré á tàn nínú ilé tó ti gbéra àti ilé tó dé.

Kì í ṣe ohun àná. Ní 1977, ilé iṣẹ́ Fidelity Electronics ní Amẹ́ríkà gbé Chess Challenger jáde, àmọ́ ìyẹn ò rí ohun tẹ́ ẹ gbé. Ẹ̀yin lẹ máa tẹ bọ́tìnì fi sọ fún un. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe èyí tó jẹ́ pé ẹ máa fi ìdí ọmọ tẹ ilé mọ́lẹ̀ kó tó gbọ́. Ẹ wò ó, bí èèyàn bá ń ronú bó ṣe máa gba ayaba ẹlòmíì, kò fẹ́ máa tẹ nǹkan kan.

Ohun tí ọ̀ta ń wá jù nìyẹn: kí bọ́ọ̀dù má da ìrònú òun rú.

Ibi táwọn tó ń rà á kì í bèèrè sí rèé. Àwọn bọ́ọ̀dù kan ń lo mágínẹ́ẹ̀tì lásán. Wọ́n mọ̀ pé nǹkan wà nínú ilé kan, wọn ò mọ̀ bóyá ẹṣin ni tàbí sọ́jà. Wọ́n kàn ń rántí ibi tí kálukú ti bẹ̀rẹ̀ ni. Tí ọmọdé bá kọ lù ú tí ọmọ mẹ́ta ṣubú, ó parí, ẹ̀yin lẹ máa tò ó padà bó ṣe wà. Àwọn míì, bíi DGT ti Netherlands, wáyà kékeré wà nínú ìdí ọmọ kọ̀ọ̀kan, kò nílò bátìrì, bọ́ọ̀dù sì ń dá ọba mọ̀ yàtọ̀ sí ayaba. Ẹ lè to ọmọ bó ṣe wù yín, á mọ̀ ọ́n. Irú èyí ni wọ́n ń lò níbi ìdíje ńlá láti gbé eré sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Síbẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa bá ẹnì kejì gbé ọmọ tiẹ̀, aago yín sì ń lọ. Fún eré ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ má dán an wò. Bọ́ọ̀dù tó ń dá gbé ọmọ fúnra ẹ̀ wà, àmọ́ ó máa ń pariwo, ó sì ń falẹ̀.

Ká wá bọ́ sí ti Ìwó. Ẹ bèèrè iye wákàtí tí bátìrì máa ń lò, torí ẹ mọ bí iná wa ṣe rí. Ẹ bèèrè bóyá ó ń bá Lichess ṣiṣẹ́ tààrà, àbí áàpù ilé iṣẹ́ tó ṣe é nìkan ló gbọ́. Ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ yẹn bá kógbá sílé, igi lásán lẹ gbé sílé. Iná ara ẹ̀ ńkọ́? Tó bá jẹ́ abẹ́ igi lẹ ti ń ta, oòrùn lè má jẹ́ kẹ́ ẹ rí i.

Èrò tèmi ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ Bowen tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ má náwó yìí. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù tó dáa ló ju igba dọ́là lọ, ẹ ṣírò ẹ̀ sí náírà kẹ́ ẹ rí i. Bọ́ọ̀dù tó ṣe é ká bíi ẹní àti fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ti tó. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ tàbí ilé ìwé ló fẹ́ rà á, kí òbí lè máa wo eré ọmọ wọn láti ilé, ìyẹn mọ́gbọ́n dání.

Ẹ tún bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ń ta ọmọ kan ṣoṣo. Lórí bọ́ọ̀dù lásán, tí sọ́jà kan bá sọnù, ìdérí ìgò la máa ń fi rọ́pò ẹ̀. Bọ́ọ̀dù oníná ò mọ ìdérí ìgò.