Bàálù Ń Yí Bí Òkòtó: Kí Ló Yẹ Kí Ọwọ́ Ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀. Ká ní bàálù kékeré tí ẹ wà nínú rẹ̀ dédé dorí kodò, tó ń já bọ̀, tí ilẹ̀ sì ń yí lójú yín bí òkòtó. Ọ̀pá ìdarí wà níwájú yín. Tí ẹ bá fà á sẹ́yìn, imú bàálù máa ń gbé sókè. Tí ẹ bá tì í síwájú, imú máa ń lọ sílẹ̀. Ilẹ̀ sì ti ń bọ̀ o! Ṣé ẹ máa fà á ni, àbí ẹ máa tì í?

Èmi mọ ìdáhùn kí n tó wọ bàálù lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí. Físíìsì ni mò ń kà, ìlú Ọba ni mo ti ń ṣe másítà mi, mo sì ti kàwé nípa afẹ́fẹ́ àti apá bàálù débi pé mo lè fi kọ́ ẹlòmíì. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, òdì kejì lọwọ́ mi ṣe. Ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí nìyẹn.

Kí ni spin gan-an?

Ẹ rántí ìgbà tí ẹ wà lọ́mọdé, tí ẹ na ọwọ́ síta lójú fèrèsé mọ́tò tó ń sáré. (Ẹ má ṣe é mọ́ o.) Tí ẹ bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ kàn ń kọjá lọ ni. Tí ẹ bá gbé etí iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbé ọwọ́ yín sókè. Bí apá bàálù náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ó máa ń dagun díẹ̀ sí afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀. Bí igun yẹn ṣe ń pọ̀ ni agbára ìgbésókè ń pọ̀, àmọ́ ó níbi tó mọ. Fún ọ̀pọ̀ bàálù kékeré, tí igun náà bá ti kọjá nǹkan bíi dígírì 15 sí 18, afẹ́fẹ́ ò ní lè lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn apá náà mọ́. Á já kúrò, á dàrú, agbára ìgbésókè á sì dín kù lójijì. Ohun tí àwọn awakọ̀ òfurufú ń pè ní stall nìyẹn. Kò kan ẹ́ńjìnnì rárá. Ẹ́ńjìnnì lè máa ké ramúramù kí apá bàálù ti stall.

Tí apá méjèèjì bá stall lẹ́ẹ̀kan náà, imú bàálù á kàn tẹ̀ sílẹ̀ ni. Ẹ ti ọ̀pá síwájú díẹ̀, ó tán. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ tí imú bàálù bá ń yà sí ẹ̀gbẹ́ kan lásìkò yẹn. Apá kan á stall ju èkejì lọ. Èyí tó stall jù á máa wálẹ̀, bó sì ṣe ń wálẹ̀ ni igun rẹ̀ sí afẹ́fẹ́ ń pọ̀ sí i, tó túbọ̀ ń stall. Èkejì tó ń gòkè ṣì ní agbára díẹ̀ lára. Bí bàálù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì nìyẹn. Ó jọ òkòtó lójú, ṣùgbọ́n òkòtó nílò ọmọ tó máa ta á. Spin ò nílò ẹnikẹ́ni mọ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń ta ara rẹ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ bọ́ nínú ẹ̀

Láyé ìgbà tí bàálù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹni tó bá kó sínú spin ti kú lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní ọjọ́ 25 oṣù August ọdún 1912, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Wilfred Parke, ń fo bàálù Avro kan ní Larkhill, lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Salisbury, òun àti èrò kan. Níbi bíi ẹsẹ̀ bàtà 600 sí 700, bàálù náà kó sínú spin. Parke ṣe ohun tí ara sọ fún un: ó fa ọ̀pá sẹ́yìn. Kò ṣiṣẹ́. Ó fi rọ́dà, ìyẹn pátákó ìrù tó ń yí imú sọ́tùn-ún tàbí sósì, tẹ̀lé ibi tí bàálù ń yí sí. Kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí kò rí ọgbọ́n míì dá mọ́, ó yí rọ́dà sí òdì kejì pátápátá. Bàálù dúró, ó sì nà tàn-àn nígbà tó ku nǹkan bí àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Parke wẹ̀yìn wò. Ó sọ gbogbo ohun tó ṣe fáwọn tó wà níbẹ̀, èyí tó ṣiṣẹ́ àtèyí tí kò ṣiṣẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dunni pé ní oṣù December ọdún yẹn kan náà, bàálù míì já, ó sì gbẹ̀mí rẹ̀.

Ní ọdún 1917, onímọ̀ físíìsì kan tó ń jẹ́ Frederick Lindemann, tó ń ṣiṣẹ́ ní Farnborough, tó sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fo bàálù, mọ̀ọ́mọ̀ kó ara rẹ̀ sínú spin kó lè ka àwọn aago ìwọ̀n inú bàálù bó ṣe ń já bọ̀. Mo gbóríyìn fún un o! Èmi ò lè ka orúkọ ara mi nínú spin.

Ọjọ́ tí ó kàn mí

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní láàbù ló dá owó jọ fún ọjọ́ ìbí mi, wọ́n san owó ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan. Slingsby Firefly ni bàálù náà, alájòkòó méjì, tí wọ́n ṣe ní Yorkshire. Olùkọ́ mi jẹ́ bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Kí á tó gbéra, ó ní kí n kó gbogbo ohun tó wà lápò mi jáde: fóònù, kọ́kọ́rọ́, títí kan báírò. Mo rántí Bessie Coleman, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ akọni nínú eré orí òfurufú. Ní ọjọ́ 30 oṣù April ọdún 1926, ní Jacksonville, spáná kan há sínú ẹ̀rọ ìdarí bàálù tó wà nínú rẹ̀. Kò de bẹ́líìtì. Bàálù dojú dé, ó sì já bọ́ síta.

Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ bàtà 6,000, bàbá ò tíì ṣe nǹkan kan. Ó ń ka lẹ́tà mẹ́fà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìlú Ọba ń há sórí: HASELL. Ṣé a ga tó láti bọ́ padà? Ṣé gbogbo ohun tó yẹ kó wà ní títì lára bàálù wà ní títì? Ṣé bẹ́líìtì le, kò sì sí nǹkan tó lè fò káàkiri? Ṣé ara ẹ́ńjìnnì dá, epo sì tó? Ṣé a ò sí lókè ìlú tàbí pápákọ̀ òfurufú? Ṣé kò sí bàálù míì nítòsí? Adẹ́mu tó mọṣẹ́ ò ní gun ọ̀pẹ kó má kọ́kọ́ fa igbà rẹ̀ wò. Igbà tiwọn nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ló dín iná ẹ́ńjìnnì kù, ó ń fa ọ̀pá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Fèrè ìkìlọ̀ ń ké. Ó tẹ rọ́dà òsì mọ́lẹ̀, ó fa ọ̀pá dé àyà. Bàálù dànù! Oko tó wà nísàlẹ̀ di àwo tó ń yí. Ó bọ́ kúrò nínú ẹ̀ bí ẹni tó ń mu tíì, a tún gòkè, ó ní, "Ó kàn ọ́."

Ìgbésẹ̀ náà ò ju márùn-ún lọ. Dín iná ẹ́ńjìnnì kù pátápátá. Fi ọ̀pá sáàárín, má yí i sọ́tùn-ún tàbí sósì, torí pátákó etí apá tó o fẹ́ fi gbé apá tó ń já náà lè mú kó stall sí i. Tẹ rọ́dà òdì kejì mọ́lẹ̀ dópin. Ti ọ̀pá síwájú kí igun apá lè dín kù. Tó bá ti dúró, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rọ́dà, kó o wá rọra fa imú sókè.

Ẹsẹ̀ mi ṣe tiẹ̀. Ọwọ́ mi ńkọ́? Ó di ọ̀pá mú mọ́ ikùn bí ẹni tó di ọmọ mú. Bàbá ní, "Ọ̀pá." Mo gbọ́, mo sì tún fà á! Ilẹ̀ ló kún gbogbo ojú mi, kò sí nǹkankan lára mi tó fẹ́ kí imú bàálù tún lọ sílẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. "Tì í!" Mo tì í. Kíá, ayé dúró. Bí mo ṣe ń fa imú sókè, ara mi wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta. Nígbà tí mo wo aago gíga, ó ti lé ní ẹsẹ̀ bàtà 1,500 tí a ti pàdánù.

Gíga ni owó ọwọ́ rẹ

Nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 500 ni bàálù kékeré ń pàdánù fún ìyípo kan, ìyípo kan sì lè má ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Ẹ wá wo awakọ̀ tó ń bọ̀ wá balẹ̀. Ó ń yà kó lè bọ́ sójú ọ̀nà ìbalẹ̀, ó ti fẹ́ kọjá rẹ̀. Dípò kó fi bàálù sílẹ̀ kó lọ yípo padà wá, ó fi rọ́dà ti imú kó lè tètè yà, imú ń tẹ̀, ó fa ọ̀pá. Gbogbo èlò spin ti pé, ẹsẹ̀ bàtà 500 ló sì ní, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ìgbésẹ̀ márùn-ún kankan tó lè gba ẹni yẹn. Èyí wà lára ìdí tí Amẹ́ríkà fi yọ ẹ̀kọ́ spin kúrò nínú ohun tó pọn dandan fún awakọ̀ lásán ní 1949, tí wọ́n wá tẹnu mọ́ dídá stall mọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ ṣì gbọ́dọ̀ kọ́ ọ.

Òye nìkan kọ́ ló ń gbani. Art Scholl wà lára àwọn tó mọ eré òfurufú jù ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 16 oṣù September ọdún 1985, ó ń ya àwòrán fún fíìmù Top Gun, ó kó sínú spin, kò sì jáde. Inú òkun Pàsífíìkì ló bọ́ sí.

Bàálù kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé ìlànà tiẹ̀, àwọn kan wà tí wọn ò gbọ́dọ̀ fi ṣe spin rárá. Torí náà, ẹ má lọ fi àròkọ mi kọ́ bàálù o.

Nígbà tí mo pe Màámi lálẹ́, mo ní, "Ẹ kú alẹ́ Mà, mo fo bàálù lónìí." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ilẹ̀ ò gbà ọ́ ni?" Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún wọn, títí dórí ọ̀pá. Wọ́n ní, "Kí ló wá dé tó ò tì í nígbà tó ní kó o tì í?"

Mo ní, "Mà, mo rò pé mo ti ń tì í ni."