Òǹtajà Tó Fi Ara Rẹ̀ Ṣe Ọjà: Àlàyé lórí Death of a Salesman ti Arthur Miller

Ìfáárà

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ́kọ́ pàdé eré ìbànújẹ́ nínú Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá tàbí nínú The Gods Are Not to Blame ti Ọlá Rótìmí á ti mọ irú ẹni tí eré bẹ́ẹ̀ máa ń dá lé lórí. Ìyálóde Ìbàdàn ni ti àkọ́kọ́, ọba sì ni ti èkejì. Igi ńlá ló wó nínú eré méjèèjì, gbogbo igbó ló sì gbọ́ ìró rẹ̀. Èyí bá èrò Aristotle mu, ẹni tó sọ nínú Poetics pé ẹni tó lórúkọ, tó sì wà ní ipò ọlá, ni ìṣubú rẹ̀ yẹ kó jẹ́ kókó eré ìbànújẹ́.

Arthur Miller, òǹkọ̀wé eré ọmọ Amẹ́ríkà, kò fara mọ́ èrò yìí. Ní ọjọ́ 10, oṣù kejì, ọdún 1949, wọ́n ṣe Death of a Salesman fún ìgbà àkọ́kọ́ ní gbọ̀ngàn ìṣeré Morosco ní New York, Elia Kazan sì ni olùdarí rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, Miller kọ àpilẹ̀kọ kan, “Tragedy and the Common Man”, sínú ìwé ìròyìn New York Times. Ó ní ó yẹ kí mẹ̀kúnnù jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn nínú eré ìbànújẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ ọba. Eré náà gba ẹ̀bùn Pulitzer lọ́dún náà, ìgbà 742 ni wọ́n sì ṣe é kó tó kúrò lórí ìtàgé.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyí: kí ló sọ ikú òṣìṣẹ́ kan tí owó kò tó ná di eré ìbànújẹ́, tí kò fi jẹ́ ìròyìn aṣeniláàánú lásán? Àpilẹ̀kọ yìí fi hàn pé irú iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń ṣe, àti ojú tó fi ń wo ara rẹ̀ nítorí iṣẹ́ náà, ni ìdáhùn wà.

Ìtàn Eré Náà ní Ṣókí

Willy Loman ti lé ní ẹni 60 ọdún. Brooklyn ló ń gbé, ó sì ti fi ọdún 34 bá ilé-iṣẹ́ kan tajà kiri àwọn ìlú New England. Ilé-iṣẹ́ náà ti dá owó oṣù rẹ̀ dúró. Ìpín lórí iye tó bá tà ló kù tó ń gbà. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń bá ara rẹ̀ sọ báyìí, ọkọ̀ rẹ̀ sì ń yà kúrò lójú ọ̀nà. Biff, àkọ́bí rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko ẹran dé, ó ti pé ẹni 34 ọdún láìrí ibì kan fìdí lé. Willy lọ bẹ Howard, ọ̀gá rẹ̀, pé kó fún òun níṣẹ́ nínú ìlú. Dọ́là 65 lọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ béèrè, ó sọ ọ́ di 50, ó sọ ọ́ di 40, kí Howard tó lé e lẹ́nu iṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Biff sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún bàbá rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Willy wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde, ó sì fi gbẹ̀mí ara rẹ̀ kí ìdílé rẹ̀ lè gba 20,000 dọ́là lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò.

Willy Kì í Ṣe Alájàpá

Ẹni tó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá sọ irú iṣẹ́ tí Willy ń ṣe lè kọ́kọ́ ronú kan alájàpá, nítorí pé àwọn méjèèjì ló ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò bá a mu, ohun tí kò sì jẹ́ kó bá a mu gan-an ló la eré náà yé ni. Alájàpá ló ni ọjà rẹ̀. Ó fi owó ara rẹ̀ rà á lọ́jà oko, ó mọ iye tó rà á, èrè tàbí àdánù sì di tirẹ̀. Willy kò ní ọjà kankan. Ti ilé-iṣẹ́ ni ohun tó wà nínú àpótí méjì tó ń gbé kiri, Miller kò sì dárúkọ ohun náà láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ní ìtumọ̀. Ẹ̀rín, ọ̀yàyà àti orúkọ ara rẹ̀ ni Willy ń tà. Ọjọ́ tí àwọn oníbàárà kò bá rẹ́rìn-ín padà mọ́, igbá rẹ̀ ti ṣófo.

Ẹni tó wò ṣe àwòkọ́ṣe ni Dave Singleman, òǹtajà tó ṣì ń fi tẹlifóònù tajà láti inú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ní ẹni 84 ọdún. Ohun tó wú Willy lórí jù nínú ìtàn ọkùnrin yìí ni ìsìnkú rẹ̀, níbi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún òǹtajà àti oníbàárà ti péjọ. Kò ní ṣòro fún òǹwòran Yorùbá láti lóye èyí, nítorí pé iye ènìyàn tó wá síbi òkú wà lára ohun tí àwùjọ Yorùbá náà fi ń wọn iyì ẹni tó lọ. Nítorí náà, nígbà tí Willy kú, tó jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ méjì, Charley aládùúgbò àti Bernard ọmọ rẹ̀ nìkan ló dúró létí sàréè, òṣùwọ̀n tí Willy fúnra rẹ̀ yàn ni ó dá a lẹ́bi.

Ẹ̀bi Ta Ni?

Àwọn lámèyítọ́ kan di ẹ̀bi náà ru àwùjọ. Ẹ̀rí wọn kò kéré. Howard, ọmọdé tí Willy ní òun lọ́wọ́ nínú orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, fetí sí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tuntun rẹ̀ ju ohùn ẹni tó ti fi ọdún 34 sìn lọ. Àmọ́ Miller fi Charley sí ilé kejì. Ìlú kan náà àti òwò kan náà ló bá àwọn méjèèjì, síbẹ̀ ìgbésí ayé Charley gún régé. Charley fi iṣẹ́ lọ Willy, Willy kọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ló sì ń yá dọ́là 50 lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Àwọn mìíràn di ẹ̀bi náà ru Willy. Òun ló kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí ayé fẹ́ràn ẹni ju kí ènìyàn mọṣẹ́ lọ. Ó fi olè jíjà wọn ṣẹ̀rín. Nígbà tí Biff fìdí rẹmi nínú ìṣirò, tó sì wá bàbá rẹ̀ lọ sí Boston, ó bá obìnrin mìíràn nínú yàrá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ bàbá kò ti wọ ọmọ létí mọ́.

Ọ̀nà méjèèjì kúrú. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti àwùjọ nìkan, àánú nìkan ni Willy yẹ fún. Bó bá jẹ́ tirẹ̀ nìkan, ìtàn ìkìlọ̀ ni eré náà. Àṣìṣe Willy ni pé ó gba ohun tí ọjà sọ fún un gbọ́ ju àwọn tó ń sọ ọ́ lọ, ó sì fi gbogbo ayé rẹ̀ dúró lé e.

Ìtàgé Tó Wọnú Orí

Kí Miller tó yan àkọlé tí ayé mọ̀, The Inside of His Head ló fẹ́ pe eré náà. Jo Mielziner kọ́ ilé kan sórí ìtàgé tí ojú ń ríran gba ògiri rẹ̀ kọjá. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ bá jẹ́ ti òní, ẹnu ọ̀nà ni àwọn ẹ̀dá-ìtàn ń gbà wọlé. Bó bá jẹ́ ti àná, wọ́n ń gba inú ògiri kọjá. Òǹkàwé tó bá pe èyí ní ìpadàsẹ́yìn lásán yóò ṣì í. Àná kò tíì tán fún Willy. Òní àti àná ń bá a sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣé “Ikú Yá Ju Ẹ̀sín” Ni?

Òwe yìí ló máa ń yá lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá ń ṣàlàyé ikú Willy. Ó bá Ẹfúnṣetán inú eré Ìṣọ̀lá mu, ẹni tó gbé májèlé jẹ nígbà tí agbára bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹfúnṣetán mọ ohun tó sọnù. Ọdẹ́wálé náà mọ ẹni tí òun jẹ́ kí eré tó parí. Willy kò mọ̀. Ní alẹ́ tó kẹ́yìn, Biff sọ fún un pé ènìyàn lásán ni àwọn méjèèjì, pé kó jẹ́ kí àlá èké náà lọ. Ẹkún ọmọ nìkan ni Willy gbọ́: ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀! Inú rẹ̀ dùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò 20,000 dọ́là. Nítorí náà, kì í ṣe pé ó ń sá fún ẹ̀sín. Ó lọ ta ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Níbí ni Miller ti ya ọ̀nà tirẹ̀. Ìmọ̀ tó yẹ kó dé bá olú ẹ̀dá-ìtàn ló dé bá ọmọ rẹ̀. Bàbá jìyà, ọmọ lóye. Ọjà ìkẹyìn náà kò sì rí ẹni tó fẹ́ ẹ. Òtítọ́ ni Biff ń béèrè, owó ni bàbá rẹ̀ gbé fún un, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ilé-iṣẹ́ adójútòfò á san án. Ọjọ́ ìsìnkú gan-an ni Linda san èyí tó kẹ́yìn nínú gbèsè ilé tí wọ́n ti ń san fún ọdún 25.

Àgbálọgbábọ̀

Létí sàréè, Biff àti Charley rántí bí inú Willy ṣe máa ń dùn nígbà tó bá ń po sìmẹ́ǹtì, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ilé ṣe. Ó mọ iṣẹ́ kan, ó sì fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ nítorí pé kò sí ìyìn ọjà nínú rẹ̀. Èyí ló fi hàn pé kì í ṣe gíga ipò la fi ń wọn eré ìbànújẹ́. Ohun tí ènìyàn fi lélẹ̀ nítorí iyì ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ọdẹ́wálé fi adé lélẹ̀. Willy kò ládé. Ara rẹ̀ ló fi lélẹ̀, iye tí kò tọ́ ló sì dá lé e.