Ṣé Ó Burú Láti Jẹ Èso Lálẹ́?

Àwọn ìyá kan ti bi wá léèrè bóyá òótọ́ ni pé èso tí a bá jẹ lálẹ́ máa ń di májèlé nínú ikùn. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń gba ọsàn lọ́wọ́ ọmọ wọn tí wọ́n bá ti kírun Mọ̀gàríbì tán. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Láti ilẹ̀ Íńdíà ni. Ayurveda ni orúkọ ìṣègùn ìbílẹ̀ wọn tó ti wà fún ohun tó lé ní 2,000 ọdún. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìmọ̀ nípa ìgbésí ayé. Àwọn oníṣègùn náà gbà pé iná kan wà nínú ikùn tó ń da oúnjẹ, agni ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí ni iná náà ń jó dáadáa. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ó rọlẹ̀. Wọ́n tún gbà pé láti nǹkan bí aago 6 sí 10 alẹ́ ni àkókò kapha, ìyẹn agbára inú ara tó tutù tó sì wúwo. Lójú tiwọn, èso dídùn tó tutù a máa fi kún un, a sì máa fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé kí á jẹ èso lówùúrọ̀ tàbí lọ́sàn-án, kí á má sì pò ó mọ́ wàrà.

Ìṣègùn òde òní kò rí i bẹ́ẹ̀. Ikùn kì í wo aago kó tó da èso. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tí kò dín ní gíráàmù 400 lójúmọ́. Ẹni tí kò bá ráyè àfi lálẹ́, kó jẹ tirẹ̀. Àwa Mùsùlùmí pàápàá, tó bá jẹ́ pé májèlé ni, báwo ni à bá ṣe máa fi dàbínù ṣínu, gẹ́gẹ́ bí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti ń ṣe?

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Ẹni tí àyà máa ń ta kò gbọ́dọ̀ jẹ ọsàn tàbí ọ̀pẹ̀ òyìnbó kó sì dùbúlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kó fi wákàtí méjì tàbí mẹ́ta sí i. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ wọn iye tó ń jẹ, ìbáà jẹ́ ọ̀sán tàbí òru, kó sì bi dókítà rẹ̀. Bàrà olómi púpọ̀ lálẹ́ a máa jí èèyàn láti tọ̀. Kí àwọn ọmọ fọ ẹnu kí wọ́n tó sùn, torí ṣúgà inú èso máa ń ba eyín jẹ́.

Ẹ fi omi tó mọ́ fọ èso kí ẹ tó gé e, ẹ má sì jẹ èyí tí a ti gé tí eṣinṣin ti bà lé. Ànábì wa kọ́ wa láti fi ìdá kan nínú mẹ́ta ikùn sílẹ̀ fún èémí. Àjẹjù ni ká sá fún. Ẹ dá ọsàn ọmọ padà fún un.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Àmín.