Àwọn olórúkọ pupa: Àwọ̀ ìtìjú tí wọ́n fi sàmì sí wọn lórí ni wọ́n sọ di oyè

Wọ́n pa ọba! Níwájú èrò rẹpẹtẹ ni wọ́n ti dáná sun ún. Lord British ni wọ́n ń pe ọba náà, ìlú tó ń jọba lé lórí ni Britannia, oṣù kẹjọ ọdún 1997 lọ̀rọ̀ ọ̀hún sì ṣẹlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá Britannia lórí máàpù, kò sí nílé ayé yìí o, inú kọ̀ǹpútà ló wà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń darí ọba yẹn, ẹlẹ́ran ara ni. Richard Garriott lorúkọ ẹ̀, òun ló dá Britannia sílẹ̀, iléeṣẹ́ wọn, Origin Systems, sì wà ní ìlú Austin, ní ìpínlẹ̀ Texas, l'Amẹ́ríkà.

Géèmù tí wọ́n ń pè ní Ultima Online ni. Kó tó dìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ géèmù kọ̀ǹpútà, èèyàn á jókòó ta á lóun nìkan ni, tàbí kó pe àbúrò ẹ̀ kí wọ́n jọ ta á. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń gba ojú wáyà tẹlifóònù wọnú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú pẹ̀lú àwòrán èèyàn kékeré tó ń darí, tí orúkọ tó fún un á sì máa hàn lórí ẹ̀. Nínú ìlú yẹn, ẹ lè máa gé igi, ẹ lè di awakùsà, ẹ lè máa ránṣọ, ẹ lè ṣe búrẹ́dì tà, kẹ́ ẹ sì fowó ẹ̀ ra ilé. Nǹkan bíi dọ́là mẹ́wàá lọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń san lóṣooṣù. Ẹ má gbàgbé owó yìí o, torí òun ló sọ ọ̀rọ̀ eré di ìjà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pa ọba, wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé, wọ́n ṣì ń dán an wò ni. Ọba jáde wá kí àwọn èèyàn ẹ̀. Ọ̀tayò kan tó pe ara ẹ̀ ní Rainz ti jí ìwé oògùn kan lápò ẹlòmíì, ló bá fi tanná síbi tí ọba dúró sí. Ọba ò mikàn, ó ṣe bí ayẹta òun wà lára òun níbẹ̀, tí ohunkóhun ò fi ní í lè pa á. Àṣé wọ́n ti pa ẹ̀rọ ńlá tó gbé ìlú dání kí wọ́n tó tún un tàn, Garriott sì gbàgbé láti gbé ayẹta ọ̀hún wọ̀ padà. Bí ọba ṣe ṣubú lulẹ̀ gbalaja nìyẹn. Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ lé Rainz dànù, wọ́n ní kì í ṣe torí ọba tó pa, ẹ̀sùn mìíràn ló wà lọ́rùn ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbà wọ́n gbọ́ kó gbà wọ́n gbọ́.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí lórí ọ̀rọ̀ ọba. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ìlú fún gbogbo ayé lọ́jọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1997, ẹ̀rín di ẹkún. Ẹ fojú inú wo ẹnì kan tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó rẹ̀ ẹ́, tó jẹun tán, tó ku wákàtí méjì kó sùn. Ó tan kọ̀ǹpútà, ó gbé dígà, ó lọ sẹ́yìn ìlú lọ wakùsà. Kò tíì wà á kún àpò nígbà tí àwọn márùn-ún kan gẹṣin dé. Wọ́n ò béèrè nǹkan kan, wọ́n ṣá a pa, wọ́n bọ́ aṣọ lára ẹ̀, wọ́n kó kùsà, wọ́n kó dígà, wọ́n bá tiwọn lọ. Ẹni tí wọ́n pa á di iwin. Tó bá fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀, “oooOOoo” nìkan ni wọ́n máa rí kà lẹ́nu ẹ̀, àfi tó bá rìn títí tó fi rí oníṣègùn tó máa jí i dìde. Wákàtí méjì ẹ̀ sì ti lọ nìyẹn.

PK ni wọ́n ń pe àwọn agbẹ́mìí yìí, ìyẹn àwọn tó ń pa ọ̀tayò ẹgbẹ́ wọn dípò ẹranko abàmì tí géèmù kó síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń pa ní tiẹ̀, wọ́n ń pè é ní newbie, ẹni tuntun tí kò tíì mọ ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà padà di noob lẹ́nu wọn. Èèbù sì ni, ó tó ìgbà tí wọ́n bá sọ fún àgbàlagbà pé ọ̀dẹ̀ ni.

Ẹnì kan ti wà tó rí ọ̀rọ̀ yìí kó tó dé. Richard Bartle, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn méjì tó ṣe géèmù MUD ní Yunifásítì Essex, èyí tí ẹnì kejì ẹ̀, Roy Trubshaw, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1978. Lọ́dún 1996, Bartle kọ̀wé pé oríṣi èèyàn mẹ́rin ló ń wá sírú ibi bẹ́ẹ̀, ó sì fi káàdì tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́ sọ wọ́n lórúkọ. Àwọn tó ń wá ọrọ̀ àti ipò ni dáyámọ́ńdì. Àwọn tó ń wá ìdí nǹkan, tó ń wa ilẹ̀ kiri, ni ṣọ́bìrì. Àwọn tó wá bá èèyàn tàkúrọ̀sọ ni ọkàn. Àwọn tó kù, kóńdó ni wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ju kí wọ́n gbé kóńdó sókè kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lórí ẹlòmíì. Bartle ò bú ẹnikẹ́ni o. Ohun tó ń sọ ni pé bí àwọn kóńdó bá ti pọ̀ jù, àwọn tó wá tàkúrọ̀sọ ló máa kọ́kọ́ sá lọ.

Ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí Britannia gan-an nìyẹn, ẹni tó bá sì sá lọ ti gbé dọ́là mẹ́wàá ẹ̀ lọ. Raph Koster, tó jẹ́ olórí àwọn tó ya géèmù náà, kò fẹ́ fi agbára dí àwọn èèyàn lọ́wọ́. Èrò tiẹ̀ ni pé kí ará ìlú fúnra wọn mọ ẹni ibi, kí wọ́n sì bá a wí. Ni wọ́n bá dọ́gbọ́n orúkọ. Ẹni tó bá ń hùwà rere, orúkọ ẹ̀ á máa gbayì. Ẹni tó bá ń pààyàn, orúkọ ẹ̀ á máa bàjẹ́, títí tí wọ́n á fi máa pè é ní Dread Lord, olúwa tó ń dẹ́rù bani.

Ẹ gbọ́, ta ló fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ jẹ ọmọkùnrin níyà? Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó jókòó sí yàrá ìyá ẹ̀, ẹ ní kó má di olúwa tó ń dẹ́rù bani? Ńṣe ni wọ́n ń sáré wá a bí ẹni ń wá oyè.

Nígbà tó di ọdún 1998, wọ́n yí i padà, wọ́n mú àwọ̀ wá. Aláìṣẹ̀, orúkọ ẹ̀ á jẹ́ búlúù. Ẹni tó bá jalè tàbí tó lu aláìṣẹ̀, orúkọ ẹ̀ á dúdú bí eérú fúngbà díẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè pa á láìjẹ̀bi. Ẹni tó bá pààyàn, wọ́n á bi òkú bóyá ó fẹ́ fẹjọ́ ẹ̀ sùn. Tí ẹjọ́ bá pé márùn-ún, orúkọ apààyàn á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Olórúkọ pupa ò lè wọ ìlú ńlá mọ́, torí ẹ̀ṣọ́ á pa á lójú ẹsẹ̀. Ibi tó lè sinmi sí ni Buccaneer's Den, erékùṣù àwọn ọlọ́ṣà tí kò ní ẹ̀ṣọ́. Òkú tún lè yọwó nínú báńkì ẹ̀, kó fi lé orí ẹni tó pa á, wọ́n á sì lẹ orúkọ apààyàn mọ́ pátákó láàárín ìlú. Ẹni tó bá gé orí ẹ̀ wá ló ni owó.

Ó jọ òfin tó mọ́yán lórí, àbí? Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi ṣe. Pátákó yẹn di ibi táwọn apààyàn ti ń wò ó bóyá orí tiwọn ló wọ́n jù lọ. Orúkọ pupa di aṣọ ẹgbẹ́ fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan nínú ìlú kì í fi ti pupa wọ̀lú, àwòrán mìíràn tó jẹ́ búlúù ló máa gbé jáde, ẹnì kan náà ló sì jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ṣẹ̀ náà sì máa ń parẹ́ téèyàn bá fi wákàtí púpọ̀ wà nínú géèmù láìpààyàn, ni wọ́n bá ń tan kọ̀ǹpútà sílẹ̀ mọ́jú, àwọn á lọ sùn, ẹ̀ṣẹ̀ á máa ṣá.

Èyí tó tún burú jù, àwọn kan ò jẹ́ kí orúkọ wọn pọ́n rárá. Ọ̀kan nínú wọn á sọ ara ẹ̀ di eérú, á fara pa, á máa bẹ̀bẹ̀ fún ìwòsàn lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni tuntun tó láàánú á wò ó sàn. Kò mọ̀ pé òfin sọ pé ẹni tó bá ran arúfin lọ́wọ́, òun náà ti di arúfin. Orúkọ tiẹ̀ náà á di eérú, làwọn olórúkọ búlúù tó ti lúgọ á bá yọ, wọ́n á pa á, wọ́n á kó ẹrù ẹ̀, ojú òfin ò sì ní í rí nǹkan kan. Àánú tó ṣe ló pa á. Olóòótọ́ kan tó bá ń wo àwọ̀ orí èèyàn láti mọ ẹni ire á kàn kú ikú òjijì ni.

Gbogbo ẹ̀ sú iléeṣẹ́. Lọ́dún 2000, wọ́n gbé àtúnṣe kan jáde tí wọ́n pè ní Renaissance, wọ́n sì dá ayé náà sí méjì, wọ́n fi òṣùpá méjì tó ń yọ ní Britannia sọ wọ́n lórúkọ. Felucca ni ilẹ̀ àtijọ́, níbi tí idà ṣì ti ń gé ẹni gbogbo. Trammel ni ilẹ̀ tuntun, ilé kan náà, igi kan náà, odò kan náà, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò lè pa ẹ níbẹ̀ bí ẹ̀yin méjèèjì ò bá jọ gbà láti jà. Ìbò tí ẹnikẹ́ni ò pè ni wọ́n dì lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn èèyàn ló kó ẹrù lọ sí Trammel. Nígbà tó fi di ọdún 2003, iye àwọn tó ń sanwó ti tó nǹkan bíi 250,000.

Felucca dá páro. Àwọn apààyàn ò rí ẹni pa mọ́, ni wọ́n bá figbe bọnu pé wọ́n ti ba ayé jẹ́. Kò sẹ́ni tó dí wọn lọ́wọ́ láti máa pa ara wọn o! Kódà, láti ọdún 1999 ni iléeṣẹ́ ti ṣí ibì kan tó ń jẹ́ Siege Perilous fáwọn tó fẹ́ ayé líle, èrò ibẹ̀ ò sì pọ̀ rí. Ìkokò ò fẹ́ bá ìkokò gbé, àgùntàn ló ń wá.

Ibi tí orúkọ tuntun ti dé nìyẹn. Wọ́n ń pe ẹni tó bá kó lọ ní Trammie, wọ́n tún ń pè é ní carebear, ìyẹn béárì rírọ̀ inú eré àwọn ọmọdé Amẹ́ríkà, bí ìgbà tí èèyàn bá ń sọ pé ojo tó ń mu ọmú ni. Àwọn tó kó lọ náà ò dákẹ́, wọ́n ní griefer làwọn yẹn, abàyàjẹ́ tí adùn géèmù ò sí fún àfi tí ẹlòmíì bá sunkún. Kí wọ́n sì tó wí pé àlàáfíà ti dé, àwọn kan tún ń fa ẹranko abàmì wá sórí ẹni tí wọ́n ò lè fọwọ́ ara wọn pa ní Trammel.

Inú àwọn géèmù tó dé lẹ́yìn ẹ̀ lèdè yìí gbà lọ. League of Legends, tó jáde lọ́dún 2009, tiẹ̀ gbé ilé ẹjọ́ kalẹ̀ lọ́dún 2011, tí àwọn ọ̀tayò fúnra wọn ń ka èébú tí ẹlòmíì bú, tí wọ́n á sì dájọ́ bóyá kí wọ́n jẹ ẹ́ níyà tàbí kí wọ́n dá a sílẹ̀. Lọ́dún 2014, wọ́n ti ilé ẹjọ́ ọ̀hún pa. Lọ́dún 2012, wọ́n tún jẹ́ kí ọ̀tayò lè fi oríyìn fún ẹni tó bá hùwà ọmọlúwàbí sí i.

Nílé tiwa náà, ẹ tẹ́tí sí ọmọ tó ń ta Call of Duty lórí fóònù ní Mushin tàbí n'Ìbàdàn. Noob, bot, camper, gbogbo ẹ̀ ló wà lẹ́nu ẹ̀. Camper lẹni tó lúgọ sí kọ̀rọ̀ tó ń retí ẹni tó máa kọjá, ẹni tó bá sì pariwo orúkọ yẹn sókè, ẹ wádìí ẹ̀ wò, ó ti kú lọ́wọ́ onítọ̀hún lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwọ̀sí tó tún wà nínú tiwa ni pé nẹ́tíwọọ̀kì lè dákú láàárín ìjà, kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n ta dúró gbagidi bí òpó, kí wọ́n sì máa pè é ní noob fún ohun tí kò mọ̀ nípa ẹ̀. Ti àwọn obìnrin ò ṣeé fẹnu sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣí ẹ̀rọ ohùn rárá, torí bí àwọn ọkùnrin bá ti gbọ́ ohùn obìnrin, èébú tó máa tẹ̀ lé e kì í ṣe ti géèmù mọ́.

Britannia ò kú o. Wọ́n ṣì ń ta á títí di òní, ilẹ̀ méjèèjì sì wà níbẹ̀. Nígbà tí Felucca dá páro jù, àwọn oníṣẹ́ fi ìdẹ síbẹ̀: igi tí ẹ bá gé àti kùsà tí ẹ bá wà ní Felucca, ìlọ́po méjì ti Trammel ni. Làwọn awakùsà bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọ ibẹ̀, wọ́n ń wà, wọ́n ń wẹ̀yìn, wọ́n ń wò ó bóyá orúkọ pupa kan ń bọ̀ lókèèrè.