Igi Ìwọ̀n Kò Mọ Ẹ̀gbọ́n

Láàárín àwọn Yorùbá, ọjọ́ orí ni a fi ń to ènìyàn. Ẹni tí a bí ṣáájú ni yóò kọ́kọ́ mú ẹran nínú àwo, òun náà ni àbúrò yóò máa fi "ẹ" bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n tilẹ̀ kúrú, tó jẹ́ pé èjìká àbúrò ni orí rẹ̀ mọ, ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n í jẹ́. Ṣùgbọ́n ibì kan wà láyé òde òní tí òfin yìí kò ti múlẹ̀, èyí ni ẹnu ọ̀nà àwọn ohun ìṣeré nínú ọgbà ìgbafẹ́ ńláńlá tí àwọn ọmọ wa tó wà ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà ń kó ọmọ wọn lọ nígbà ìsinmi. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ọjọ́ orí. Igi kan ni wọ́n rì mọ́lẹ̀, tàbí pákó kan tí wọ́n fa ìlà sí lára. Ọmọ yóò dúró tì í. Bí àtàrí rẹ̀ bá kan ìlà, ó wọlé. Bí kò bá kàn án, ó di ẹ̀yìn.

Ìwọ̀n náà kì í ṣe ẹyọ kan. Ní Disneyland, ní ìpínlẹ̀ California, ínǹṣì 40, èyí tí í ṣe sẹ̀ǹtímítà 102, ni ọmọ gbọ́dọ̀ ga tó kí ó tó wọ Space Mountain, ọkọ̀ ojú irin tí ń sáré nínú òkùnkùn. Matterhorn, nínú ọgbà kan náà, ń béèrè ínǹṣì 42. Ní Alton Towers, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mítà 1.4 ni ti Nemesis, níbi tí ẹsẹ̀ àwọn èrò ọkọ̀ ti ń rọ̀ dirodiro lófuurufú. Ọmọ ọdún mẹ́rin mìíràn lè tó ti àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá mìíràn kò sì ní tó ti ìkẹyìn. Òbí tó ti san owó ìwọlé fún gbogbo ilé, tó tò fún wákàtí kan nínú oòrùn, tó wá gbọ́ "kò tó" lẹ́nu ọ̀nà, ni ó mọ bí ẹkún ọmọ náà ti ń rí.

Kò yẹ kí èyí ya àwọn àgbà ilé lẹ́nu, nítorí a ti fi ara wọn ọmọ rí nílẹ̀ yìí. Nígbà tí ìwé ẹ̀rí ìbí kò tíì wọ́pọ̀, tí ìyá ń fi ọdún tí ọba wàjà tàbí ọdún tí eéṣú jà ka ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀, etí ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó tó wọ ilé ìwé. Ọmọ yóò gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, yóò sì fi wá etí òsì. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí, tíṣà á kọ orúkọ rẹ̀. Bí kò bá kàn án, wọ́n á ní kó padà sílé di ọdún tó ń bọ̀. Kì í ṣe ọjọ́ orí gan-an ni etí yìí ń sọ. Ohun tó ń sọ ni pé apá ọmọ ti ń bá orí rẹ̀, nítorí orí ni ó kọ́kọ́ ń tóbi lára ọmọ ènìyàn, apá àti ẹsẹ̀ á sì wá máa lé e bá díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ogunlọ́gọ̀ ọmọ ń na ọwọ́ wá etí. Ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún yẹn kan náà, oṣù mẹ́fà géérégé, ni Disneyland ṣí ilẹ̀kùn. Kò sí ohun tó so méjèèjì pọ̀ ju kàlẹ́ńdà lọ, àmọ́ ẹni tó bá mọ ẹkún ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò kan etí ti mọ ẹkún ọmọ tí àtàrí rẹ̀ kò kan ìlà.

Wọ́n ń ṣe màgòmágó nígbà náà: ọmọ á tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kí etí lè sún mọ́ ìka. Wọ́n ń ṣe é lónìí pẹ̀lú: òbí á wọ ọmọ ní bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ki, á ki bébà sínú rẹ̀, á sì di irun ọmọbìnrin ní ṣùkú kó lè yọ sókè, bí ẹni pé irun ni wọ́n fẹ́ fi okùn dè mọ́ ìjókòó. Ọmọ tó fi ẹ̀rú wọ ilé ìwé, oorun ni yóò sùn lórí bẹ́ǹṣì. Ti ọkọ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìdí igi ìwọ̀n yóò tètè yé ìyá tó ti pọn ọmọ rí. A kì í pọn ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì le bí a ti ń pọn ọmọ ọdún kan. Ọ̀já tó bá di ìdí ọmọ mú dáadáa ni ìyá fi lè bẹ̀rẹ̀, tó fi lè gún iyán, tó sì fi lè sá fún òjò. Bí ọmọ bá kéré ju ọ̀nà tí a gbà dì í lọ, yíyọ̀ ni yóò yọ̀. Irin tí ń tẹ itan mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, tàbí èyí tó gba èjìká wá sí àyà, ọ̀já ni. Ara tó ní ìwọ̀n kan ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tí ọkọ̀ bá já wálẹ̀ láti orí òkè, ara ènìyàn á fẹ́ dìde kúrò lórí ìjókòó. Nígbà tó bá yí kọ́nà, ara á fẹ́ ta sí ẹ̀gbẹ́. Ọmọ tí itan rẹ̀ tín-ín-rín lè yọ́ bọ́ lábẹ́ irin tó dá àgbà dúró. Ó tún léwu jù bí irin kan ṣoṣo bá de bàbá àti ọmọ pọ̀, nítorí itan àti ikùn bàbá ni irin náà yóò dúró sí, àlàfo yóò sì wà lókè itan ọmọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ ọkọ̀ tí yóò fi tì í, orí rẹ̀ sì wúwo fún ọrùn rẹ̀.

Kì í ṣe kíkéré nìkan ni ọ̀já fi ń kọ ènìyàn. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ní ìlú Orlando ní Florida, ọmọkùnrin ẹni ọdún 14 kan já bọ́ láti ara ilé gogoro kan tí wọ́n fi ń gbé ènìyàn sókè kí wọ́n tó jọ̀wọ́ wọn wálẹ̀ lójijì, ó sì kú. Kì í ṣe pé kò ga tó. Ara rẹ̀ ló wúwo ju ohun tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kọ sínú ìwé wọn, wọ́n sì ti tún ìjókòó náà ṣe tó bẹ́ẹ̀ tí àlàfo irin àyà rẹ̀ fi fẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Lẹ́yìn irú èyí, ta ni yóò tún máa bẹ olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe é"?

Igi ìwọ̀n dára, ṣùgbọ́n kò mọ ẹ̀gbọ́n. Ẹ wo ilé kan tí àkọ́bí wọn jẹ́ ọmọ ọdún méje tó jọ ìyá rẹ̀ ní kúkúrú, tí èkejì sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà tó ga bí ọ̀pẹ. Igi gba àbúrò, ó dá ẹ̀gbọ́n padà. Ọmọ tí wọ́n ti ń wí fún láti kékeré pé "ìwọ ni àgbà, mójú tó àbúrò rẹ" ni a dá dúró sí ẹ̀yìn okùn pẹ̀lú àwọn ọmọ ọwọ́. Ìtìjú èyí ju ẹkún eré lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá wá kan ìbejì, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Táyéwò ló kọ́kọ́ jáde, síbẹ̀ Kẹ́hìndé ni Yorùbá ń pè ní àgbà, nítorí òun ló rán èkejì rẹ̀ pé kó lọ tọ́ ayé wò. Kì í ṣe ohun tí ojú rí ni wọ́n fi fún Kẹ́hìndé ní ipò àgbà. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe wá ṣàlàyé fún Kẹ́hìndé tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 101 pé Táyéwò tó jẹ́ 102 nìkan ni yóò wọ ọkọ̀? Èyí kì í ṣe àròsọ lásán fún ẹ̀yà tí ìbejì pọ̀ láàárín rẹ̀ tó ti Yorùbá, tí àwọn ará Igbó-Ọrà ń fi í yangàn.

Ọ̀rọ̀ tó burú jù tí òbí lè sọ níbẹ̀ ni "ṣé o ò rí àbúrò rẹ?" Láti ilé ni ó yẹ kí a ti bá ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀, kí ó má jẹ́ pé lójú èrò ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́. Kí a sì kìlọ̀ fún àbúrò pé bó bá sọ̀kalẹ̀, kó má fi ẹnu tẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn òbí kan á ní kí gbogbo ilé kúkú pa ohun ìṣeré náà tì. Fún ìbejì, ìyẹn bá àṣà mu, nítorí ohun tí a bá ṣe fún Táyéwò ni a ń ṣe fún Kẹ́hìndé. Kí wọ́n dúró di ọdún tí àwọn méjèèjì yóò tó o. Fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lásán, ìyànjẹ ni. Kí àbúrò wọ̀ ọ́, kí ẹ̀gbọ́n sì yan ohun tí gbogbo ilé yóò wọ̀ tẹ̀lé e, kí ó lè rí i pé ipò òun kò bọ́ lọ́wọ́ òun.

Àwọn ìyá àgbà kan wà tí wọn kò fẹ́ rárá kí a na igi ti ọmọ wọn ní gbangba. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ni wọ́n ń wí. Kí wá ni ti wíwọ̀n? Àwọn kan náà ni kì í jẹ́ kí ènìyàn ré ọmọ tó sùn sílẹ̀ kọjá, kó má baà di aràrá. Ọ̀rọ̀ aràrá yìí kò ṣe é fojú fò, nítorí àgbàlagbà wà tí kò ga tó mítà 1.4, tó ti bímọ, tó sì níṣẹ́ lọ́wọ́, tí igi kan náà ń dá padà. Yorùbá ka aràrá, àfín, abuké àti arọ sí ẹni òrìṣà, ọmọ tí Ọbàtálá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ, a kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Irin ọkọ̀ kò mọ ti Ọbàtálá. Ṣùgbọ́n ọmọ tó tò sẹ́yìn ẹni bẹ́ẹ̀ ń wò ó, ibẹ̀ gan-an ni ó sì yẹ kí òbí rẹ̀ ti sọ fún un pé kíkúrú kì í ṣe ọmọdé.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Àwọn ọgbà wọ̀nyí mọ òwe náà láìgbọ́ Yorùbá. Ní Legoland Discovery Centre, yàtọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ fún àgbà, àgbàlagbà tí kò bá mú ọmọdé lọ́wọ́ kò ní wọlé. Ní Disneyland àti Alton Towers, ètò wà tí bàbá yóò fi wọ ọkọ̀ nígbà tí ìyá ń ṣọ́ èyí tí kò tó, tí ìyá yóò sì wọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà láìtún lọ tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ìyá àgbà bá sì wá láti ilé, àkókò ìdúró yìí ni àkókò àlọ́. Àwọn ohun ìṣeré tí kò ní ìwọ̀n pọ̀, bí ọkọ̀ ojú omi inú "it's a small world" tí Disneyland gbà wọlé ní ọdún 1966, níbi tí ọmọ ọwọ́ pàápàá ti lè bá ìyá rẹ̀ jókòó.

Nílé níbí, ó yẹ kí a ṣọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ ìṣeré kò sí ní ọgbà ńlá nìkan. A ń rí i ní pápá níbi ọdún Iléyá àti Kérésìmesì, tí jẹnẹrétọ̀ ń yí i, tí ọmọ ọdún mẹ́ta àti ọmọ ọdún mẹ́tàlá jọ ń to. Níbi tí igi kò bá sí, òbí ni igi. Kí ó fọwọ́ fa irin ìjókòó wò kí ọmọ tó jókòó, kí ó wò bóyá ó tẹ itan ọmọ tàbí afẹ́fẹ́ ló ń tẹ̀. Bí wọ́n bá ní kò séwu, tí irin náà sì ń mì, jangirọ́fà ti tó ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn.

Ẹni tó sì ń lọ sí ibi tí igi wà, kó wọn ọmọ kó tó kúrò nílé. Kí ó bọ́ bàtà rẹ̀, kí ọmọ fẹ̀yìn ti òpó ilẹ̀kùn, kí gìgísẹ̀ kan ògiri, kí a tẹ́ ìwé kan lé àtàrí rẹ̀ gbọọrọ, kí a sì fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà. Ènìyàn máa ń ga díẹ̀ sí i ní òwúrọ̀, nítorí egungun ẹ̀yìn ń fún pọ̀ bí ọjọ́ ti ń lọ, nítorí náà ọmọ tó kan ìlà ní aago méje àárọ̀ lè ṣàìkàn án ní ìrọ̀lẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ni kí a wọ̀n ọ́n. Ti ìbejì, kí a fà á sí òpó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ti Kẹ́hìndé lápá ọ̀tún, ti Táyéwò lápá òsì, kí a sì kọ ọjọ́ náà sí i.