ÌDÁNÁ LÁÌSÍ ÈÉFÍN: OHUN TÓ Ń DÍ ILÉ TÁLÁKÀ LỌ́WỌ́



Ọlọ́hun fi ènìyàn ṣe arólé lórí ilẹ̀, Ó sì kọ ìnákúnàá fún wa nínú Suratul-A'rāf, āyah 31. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) a máa fi omi mudu kan, tí kò tó líítà kan, ṣe àlùwàlá. Nítorí náà, títọ́jú àyíká kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjòjì sí wa. Ara ẹ̀sìn wa ni.

Àwọn opó tí à ń bá tọ́jú ọmọ mọ̀ pé èéfín kò dára. Owó àkọ́kọ́ ni ìṣòro wọn. Ẹni tó ń ra èédú lọ́ràá-lọ́ràá lójoojúmọ́ lè ná ju onígáàsì lọ kí oṣù tó parí, ṣùgbọ́n kò lè rí owó sílíńdà, sítóòfù, rọ́bà àti gáàsì kó jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìṣòro kejì ni ibùgbé: ẹni tó háyà yàrá kan, tó ń dáná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò ní ibi tí yóò gbé sílíńdà sí. Ẹ̀kẹta, owó gáàsì kì í dúró lójú kan. Bó bá ti gbówó lórí, sítóòfù a di ohun tí a gbé sí kọ̀rọ̀, ìyá náà a sì padà sídìí igi.

Ọ̀rọ̀ náà kò kéré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín ìdáná inú ilé pa nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn káàkiri ayé. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 lé ní 237,000 nínú wọn. Ọmọ tó ti pàdánù bàbá, kò yẹ kí èéfín tún gba ìyá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí kò gba owó:

1. Kí a rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, kí a sì máa dé ìkòkò. Oúnjẹ yóò tètè jinná.
2. Igi gbígbẹ ni kí a máa dá. Igi tútù ló ń rú èéfín.
3. Kí a má ṣe fi ọ̀rá tàbí ike ran iná èédú. Májèlé ni èéfín rẹ̀.
4. Kí a má ṣe gbé èédú tó ń jó wọ yàrá tí a fẹ́ sùn. Ó ń pani láìrú èéfín.

Ní ti ohun tó gba owó, ẹ jẹ́ kó yé wa pé ẹ̀tọ́ tálákà ni sàká. Owó rẹ̀ ni à ń fi lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n fi ṣe ohun tó bá jẹ wọ́n lógún. Inú sàdáákà ni a ti ń ra sítóòfù. A ó kọ́kọ́ bi ìyá náà léèrè ibi tí yóò gbé e sí, àti iye tó ń ná lórí èédú lóṣù. Bí iye yẹn bá lè ra gáàsì tí yóò tó o lò, a ó fún un ní sílíńdà kékeré àti sítóòfù. Bí kò bá lè rà á, àdògán tí kì í jẹ èédú púpọ̀ ló sàn fún un.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá gbé odidi, kó mú apá kan: rọ́bà, sítóòfù, tàbí gáàsì àkọ́kọ́. Kí Ọlọ́hun gbà á ní iṣẹ́ rere lọ́wọ́ wa. Āmīn.